Yanrìn Tí Wọ́n Dà Sórí Ẹyin Ọ̀nì

Abẹ́ yanrìn kan náà ni wọ́n sin ẹyin ọ̀nì àti iṣẹ́ ayé mi sí, wọ́n wá fún mi ní aago ògiri kan, wọ́n ní kí n máa relé.

Aago náà wà lára ògiri pálọ̀ mi ní Mowe bí mo ṣe ń kọ ọ̀rọ̀ yìí. Kì í ṣiṣẹ́. N kò ra bátìrì sí i, n kò sì ní rà á. Bí àlejò bá sọ pé, "Ẹ̀gbọ́n, aago yín ti kú o," mo máa ń dá a lóhùn pé òótọ́ ni, àti pé kì í ṣe òun nìkan ló kú. N ó padà sórí ọ̀rọ̀ aago yìí tó bá yá, nítorí pé àwòrán kan wà lójú rẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń ronú irú iṣẹ́ tí ẹ máa ṣe ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Àwọn kan nínú yín ti wá sílé mi, wọ́n ní àwọn fẹ́ kọ́ nípa ẹranko ní yunifásítì, ṣé iṣẹ́ gidi wà níbẹ̀? N kò ní parọ́ fún yín. Mo ṣe iṣẹ́ náà láti ìgbà tí irun orí mi dúdú títí tó fi funfun. N ó sọ ohun tí ojú mi rí, n ó sọ ohun tí wọ́n ṣe, n ó sì sọ ibi tí wọ́n ri pátákó ààlà kan mọ́, torí pé ibi tí wọ́n ri pátákó mọ́ ni ìdí ọ̀rọ̀ yìí wà.

Bí mo ṣe rí iṣẹ́ kò ní ìtàn nínú. Mo kàwé gboyè. Àwọn ẹgbẹ́ mi lọ sí báńkì, àwọn mìíràn lọ sídìí epo. Ìyá mi bi mí pé, "Gbogbo ìwé yìí náà, ọ̀bọ lo fẹ́ lọ máa bọ́?" Mo ní, "Rárá, Màámi, ọ̀nì ni." Wọ́n káwọ́ lérí. Owó oṣù ibẹ̀ kì í ṣe ohun tí à ń sọ létí ọ̀tá. Iléeṣẹ́ kan tó ń mójú tó igbó àti ẹranko ló gbà mí. N kò ní dárúkọ rẹ̀. Ẹni tí bàtà bá bá ẹsẹ̀ rẹ̀ mu, kó wọ̀ ọ́. Wọ́n gbé mi lọ sí Àbàtà Ọlọ́nì, ó sì parí síbẹ̀.

Ẹni tó bá mọ Ibafo nìsinsìnyí kò lè mọ ibi tí mò ń wí. Nígbà náà, bí o bá kúrò lójú títì márosẹ̀, tí o kọjú sí ọ̀nà Odò Ògùn, oko ẹ̀gẹ́ lo máa kọ́kọ́ bá, lẹ́yìn ìyẹn igbó ọ̀pẹ, lẹ́yìn ìyẹn ilẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ títí omi dúdú fi máa yọjú, tí òṣíbàtà tẹ́ lórí rẹ̀ bí ẹní. Àtíòro á máa fò kọjá lókè, ìyẹ́ apá wọn á máa dún bí ìgbà tí ènìyàn ń gbọn aṣọ tuntun. Awọ́nríwọ́n á nà gbalaja sórí gẹdú, yóò máa yáàrùn bí baba onílé. Níparí ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀, kó tó di pé omi ńlá bẹ̀rẹ̀, bèbè yanrìn funfun kan wà. Ibẹ̀ ni àwọn ọ̀nì ti ń yé ẹyin wọn nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tó jẹ́ pé ẹni tó bí baba wa kò bá ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Ẹni tó kọ́ mi níṣẹ́ ni Baba Súlè, olórí àwọn olùṣọ́ àbàtà náà. Ọmọ Ifo ni wọ́n, láti ìdílé tó ti wà níbẹ̀ kí ọkọ̀ ojú irin tó gba ibẹ̀ kọjá. Wọ́n gùn, wọ́n gbẹ, wọn kì í yára. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ dé, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Imú ni wọ́n ń fà.

"Kí lò ń tà?"

"N kò ta nǹkan kan, sà."

"Ọṣẹ tó ń ta sánsán lára ẹ yìí ń kọ́? Ṣé ìyàwó lo wá fẹ́ nínú àbàtà ni?"

Wọ́n ní kí n padà sílé lọ fi ọṣẹ dúdú wẹ̀. Títí òórùn náà fi tán lára mi, ẹnu ọ̀nà ni mo ń jókòó sí bí ọmọ tí wọ́n lé jáde ní kíláàsì. Nígbà tí wọ́n wá jẹ́ kí n wọlé, wọ́n ní kí n bọ́ bàtà rọ́bà mi. "Bàtà kì í gbọ́ ohun tí ilẹ̀ ń sọ." Wọ́n fún mi lórúkọ níjọ́ náà, Yunifásítì, wọn kò sì pè mí ní nǹkan mìíràn mọ́ títí dòní.

Ẹ̀yin tí ẹ rò pé ọ̀gá yín le, ẹ wá gbọ́. Bí a bá ń lọ lójú ọ̀nà, tí igi kékeré kan bá ṣẹ́ lábẹ́ ẹsẹ̀ mi, Baba Súlè kì í bínú, wọn kì í pariwo. Wọ́n á kàn yí padà, a ó tún lọ bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà. Àwọn ọjọ́ kan wà tí oòrùn fi wọ̀ tí a kò tíì dé ìdí ọ̀pẹ àkọ́kọ́. Bí mo bá fẹ́ béèrè nǹkan nínú ọkọ̀ ọlọ́pọ́n, wọ́n á na àjẹ̀ tí wọ́n fi ń tu ọkọ̀ sí mi pé kí n gbà, kí n máa tù ú nìṣó. Ẹni tó bá ń tukọ̀ kì í lè sọ̀rọ̀. Ìgbà tí a bá dé èbúté ni wọ́n máa wá sọ pé, "Ojú ni wọ́n fi ń ṣe iṣẹ́ yìí. Ọ́fíìsì ni wọ́n ti ń lo ẹnu." Mo rò pé àwàdà ni wọ́n ń ṣe. Mo wá mọ̀ nígbẹ̀yìn pé àsọtẹ́lẹ̀ ni.

Ọ̀nì kan wà tí a mọ̀ dáadáa, abo, tó ti dàgbà, tí àpá wà ní ìrù rẹ̀ níbi tí ìwọ̀ ẹnì kan ti ya á nígbà kan rí. Ìyá Àgbà ni à ń pè é. Nígbà tí ọyẹ́ bá ti ń fẹ́, á gun bèbè yanrìn náà, á gbẹ́ ihò, á yé ẹyin rẹ̀ sínú, á bò ó. Láti ìgbà náà, kò ní jìnnà sí ibẹ̀ mọ́. Kò ní jẹun bí ẹni ń jẹun. Mo kà á nínú ìwé, mo sì sọ ọ́ fún Baba Súlè, pé bí yanrìn náà bá ṣe gbóná sí ló ń pinnu bóyá akọ ni ọmọ tó wà nínú ẹyin tàbí abo. Wọ́n ronú sí i, wọ́n ní, "Ìyẹn ni pé yanrìn yẹn gan-an, ìyá ni." Inú ìwé tí mo kà, kò sí ẹni tó sọ ọ́ dáa tó bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà tí a kò lè fohùn ṣọ̀kan lé lórí. Gbogbo apẹja Ibafo ló gbà pé ọ̀nì ń jẹ ọmọ ara rẹ̀. Baba Súlè náà gbà bẹ́ẹ̀. Wọ́n ti rí i lójú ara wọn, pé ọmọ ń yọ láti inú yanrìn, ìyá ń gbé e sẹ́nu. Mo ní, "Bàbá, kì í jẹ wọ́n. Ó ń gbé wọn lọ sínú omi ni."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Ìwé ni, sà."

"Ìwé yẹn ń gbé àbàtà?"

A fi í síbẹ̀. Lọ́dún kan, nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ rọ̀, a lọ lúgọ sínú igbó létí bèbè náà ní kùtùkùtù. A gbọ́ ohùn àwọn ọmọ láti abẹ́ ilẹ̀, inú ẹyin ni wọ́n wà tí wọ́n ti ń pe ìyá wọn, ohùn wọn dà bí ìgbà tí òròmọdìẹ bá há sínú agbọ̀n. Ìyá Àgbà jáde nínú omi. Ó gbẹ́ yanrìn náà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ó fi ẹnu gbé ọ̀kan, ó gbé èkejì. Baba Súlè fi ìgbúnwọ́ gún mi: "Wò ó, ó ti ń jẹ wọ́n." Mo di ọwọ́ wọn mú. Ìyá náà rọra wọ inú omi lọ, ó la ẹnu rẹ̀ sílẹ̀, ẹnu tó lè fọ́ egungun ìgalà sí wẹ́wẹ́, àwọn ọmọ sì ń lúwẹ̀ẹ́ jáde láàárín eyín rẹ̀ bí àwọn ọmọ iléèwé tó ń bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀. Ó tún padà lọ gbé àwọn yòókù. Ẹyin tí kò tètè là, ó ń yí i nínú ẹnu rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí tó fi là.

Baba Súlè ló tukọ̀ wa padà dé èbúté. Wọ́n ṣí fìlà.

"Yunifásítì."

"Sà."

"Àtìgbà tí mo ti wà lọ́mọdé ni mo ti ń ba ìyá yẹn lórúkọ jẹ́."

Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè. Mo kọ́ bí wọ́n ṣe ń rìn lọ́dọ̀ wọn, wọ́n gba ohun kan lọ́wọ́ mi, a jọ wà lórí ẹní kan náà láti ọjọ́ náà lọ. Ó sì di àṣà wa. Lọ́dọọdún, bí òjò àkọ́rọ̀ bá ti rọ̀, ẹni tó bá ti àbàtà dé, ìbéèrè tí a máa kọ́kọ́ bi í kì í ṣe "Ẹ kú iṣẹ́." "Ṣé ó gbé wọn jáde?" ni. Bó bá ti ní "Ó gbé wọn jáde," ọdún ti yabo nìyẹn.

Mo fẹ́ kí ẹ mọ ohun tí àbàtà yẹn ń ṣe fún gbogbo wa, nítorí pé àwọn tó fi yanrìn kún un sọ pé kò wúlò. Inú rẹ̀ ni ẹja tí wọ́n ń tà ní Ibafo ti ń pamọ. Bí Odò Ògùn bá kún, inú rẹ̀ ni omi ń sá sí, á sinmi, á wá máa padà díẹ̀díẹ̀. Ọ̀nì ló ń palẹ̀ òkú ẹja àti ẹja aláìsàn mọ́ kúrò nínú omi. Níbi tó bá wà, ihò tí ara rẹ̀ wà sínú ẹrẹ̀ ni ẹja ń fi ara pamọ́ sí nígbà ọ̀dá. Ẹni tí kò bá fẹ́ràn ọ̀nì, kó fẹ́ràn ẹja. Ẹni tí kò bá fẹ́ràn ẹja, kó ṣáà fẹ́ràn ilé tí kò kún fún omi.

Báwo la ṣe ń ṣọ́ ọ? Ààlè ni. Kí àwọn ọ̀nì tó bẹ̀rẹ̀ sí í yé, Baba Súlè á so màrìwò dínà gbogbo ẹnu ọ̀nà tó wọ àbàtà, níbi ààlà gan-an, wọ́n á sì so bàtà gbígbó kan tàbí ṣùkù àgbàdo mọ́ ọn. Ẹlẹ́mu tó bá rí i á yà. Apẹja á yí ọkọ̀ padà. Kò sí oògùn kankan nínú rẹ̀. Mùsùlùmí gidi ni Baba Súlè, wọn kì í fi ìrun jáfara. Ọ̀rọ̀ lásán ni ààlè, ọ̀rọ̀ tí kò nílò kí ènìyàn lọ sí iléèwé kó tó gbọ́ ọ. Wọ́n ní, "Ọmọlúàbí kì í rí ààlè kó tún máa béèrè pé ta ló fi í síbẹ̀."

Irinṣẹ́ tiwa ń yí padà. Fèrè, àdá àti kẹ̀kẹ́ ni mo bá. Lẹ́yìn náà, wọ́n fún wa ní awò ìwòókèèrè kan, a ń gbà á lò láàárín ara wa. Lẹ́yìn tí ọdún ẹgbẹ̀rún méjì wọlé, ọ̀kadà dé, fóònù alágbèéká dé, wọ́n tún fún mi ní ẹ̀rọ pẹlẹbẹ kan tó ń sọ ibi tí ènìyàn dúró sí láyé gan-an. Irinṣẹ́ ń dára sí i, ohun tí à ń fi wọ́n wò ń tán lọ.

Àsìkò náà ni Èkó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn wá bá wa. Arepo kún, Ibafo kún, Mowe ń kún. N kò bá ẹni tó wá ilé sí jà. Èmi náà kọ́ ilé. Ẹni tó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣiṣẹ́, tó ń jí ní ìdájí lọ sí Èkó, tó ń padà lálẹ́, ó yẹ kó ní ibi tó máa forí lé. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, èmi àti Baba Súlè bá àwọn obìnrin mélòó kan lẹ́nu ọ̀nà àbàtà, wọ́n yí ààlè wa ká, wọ́n ń gbàdúrà gidigidi. Olórí wọn ni Mama Tóbi, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé láti Agége, tí ilé rẹ̀ kò jìnnà síbẹ̀. A dúró títí wọ́n fi ṣe àmín. Baba Súlè bá wọn ṣe àmín.

"Bàbá, ṣé ẹ̀yin lẹ gbé oògùn yìí sójú ọ̀nà?"

"Oògùn wo? Bàtà mi àtijọ́ nìyẹn. Ẹ wo àtẹ́lẹsẹ̀ ẹ̀, ó ti lu. Èṣù wo ló máa wọ irú ẹ̀?"

Ọ̀kan nínú àwọn obìnrin náà fọwọ́ bo ẹnu. Mama Tóbi gbìyànjú láti le ojú, ẹ̀rín já mọ́ ọn lọ́wọ́.

"Kí ló wá wà fún, sà?"

"Ó ń sọ pé ẹni tó bá kọjá ibí, kò wúlò ju bàtà yìí lọ."

"Haba! Ẹ ò sì kàn kọ 'No entry'?"

"Madam, ẹlẹ́mu wa ò mọ 'No entry', àmọ́ kò tíì kọjá bàtà mi rí. Abiyamọ wà nínú ibẹ̀. Ẹ jẹ́ kí òjò àkọ́rọ̀ rọ̀, ẹ kó àwọn ọmọ wá, ẹ wá wò ó."

Wọ́n wá lóòótọ́. A tò wọ́n sínú igbó lódìkejì omi, a ní ẹni tó bá wúkọ́, a ó yí padà sẹ́nu ọ̀nà. Nígbà tí Ìyá Àgbà gbé ọmọ rẹ̀ àkọ́kọ́ sẹ́nu, Tóbi fẹ́ ké, ìyá rẹ̀ fi ìró bò ó lẹ́nu. Nígbà tí ó la ẹnu sílẹ̀ nínú omi tí ọmọ jáde, Mama Tóbi fúnra rẹ̀ ló sunkún. Ó ní, "Ìyá ni ìyá ń jẹ́." Láti ọdún náà, kò sí ẹni tó fọwọ́ kan ààlè wa ládùúgbò wọn. Ẹ jẹ́ kí n fi hàn pé n kò di ẹ̀bi ru ẹni tí kò jẹ ẹ́: kì í ṣe àwọn tó ń gbàdúrà ló pa àbàtà náà.

Ọ́fíìsì ló pa á. Ẹnì kan tí a kò mọ̀ lọ fẹjọ́ sùn pé à ń bọ̀rìṣà lórí ilẹ̀ ìjọba. Ọ̀gá àgbà wa, Dírẹ́kítọ̀, kò béèrè lọ́wọ́ wa. Ó ní sẹ́ńtúrì tuntun la wà, kí a kó pàǹtí yẹn kúrò, kí a ri pátákó mọ́lẹ̀. Mo fara mọ́ pátákó. Mo ní kí méjèèjì jọ wà. Ó ní rárá.

Wọ́n gbé pátákó náà wá ní ìparí òjò, gẹ̀ẹ́sì ni gbogbo ọ̀rọ̀ tó wà lára rẹ̀. Jíìpù dúró síta, Dírẹ́kítọ̀ rìn wọlé pẹ̀lú ẹni tó ń ya fọ́tò. A dé ẹnu ọ̀nà, níbi ààlà, tí ààlè máa ń wà. Mo ní, "Ibí ni, sà." Onífọ́tò wo ibẹ̀, ó ní igbó lásán ni, kò sí nǹkan tó máa hàn. Wọ́n ń rìn lọ. Mo ń tẹ̀ lé wọn, mo ń sọ pé ààlà ti wà lẹ́yìn wa. Wọ́n rìn dé orí bèbè yanrìn náà, wọ́n là á kọjá dé ìkángun rẹ̀ níbi tó ti fẹnu kan omi.

"Ibí dáa," onífọ́tò ní. "Omi á hàn lẹ́yìn yín, sà."

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, bí pátákó bá wà níbí, ẹni tó bá kà á á rò pé ibí ni ilẹ̀ wa ti bẹ̀rẹ̀. Bèbè yanrìn tí ọ̀nì ń yé sí á di ìta."

Dírẹ́kítọ̀ yíjú sí mi. "Mister Zoology, ṣé o fẹ́ kí n lọ ya fọ́tò nínú igbó bí ọ̀yà ni?"

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Wọ́n ri pátákó náà mọ́bẹ̀. Wọ́n ya fọ́tò. Bí wọ́n ṣe ń lọ, awakọ̀ já ààlè wa, ó sọ bàtà Baba Súlè sínú igbó. Baba Súlè wò ó. Kò pẹ́ sígbà náà ni wọ́n fẹ̀yìn tì, wọ́n padà sí Ifo, ojú wọn sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bàìbàì. Èmi ni mo di olórí. Mo bẹ̀bẹ̀ léraléra pé kí wọ́n jẹ́ kí a ṣí pátákó náà padà sẹ́nu ọ̀nà. Ìdáhùn tí mo rí gbà ni pé a ti fi fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sókè, kò ṣeé yí padà mọ́.

Ọ̀rọ̀ kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kò sí ẹni tó gbé ìbọn. Wọ́n kàn fẹ́ kí omi hàn lẹ́yìn wọn ni.

Lẹ́yìn náà, ọkùnrin kan tó ń ta ilẹ̀, Ọ̀túnba ni gbogbo ènìyàn ń pè é, bẹ̀rẹ̀ sí í la ẹ́sítéètì láti ọ̀nà ojú títì wá. Ẹ̀ẹ̀rùn ni, Ìyá Àgbà ti yé, ó ti bò ó. Mo débẹ̀ láàárọ̀, mo bá típà tó tò lọ bí èèrà, yanrìn ni wọ́n rù. Wọ́n ti kún igbó ọ̀pẹ, wọ́n ti dé orí bèbè. Mo sáré lọ dúró síwájú típà àkọ́kọ́. Awakọ̀ náà tẹ fèrè ọkọ̀ títí ó fi rẹ̀ ẹ́. Máníjà wọn bọ́ sílẹ̀ wá bá mi, ọmọkùnrin tó gbọ́ ẹ̀kọ́ ilé ni, ó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ ká jà. Ẹ wo pátákó ìjọba yín lọ́hùn-ún. Òun la ò ní kọjá. A ò ní fọwọ́ kan omi yín."

Ó ka ohun tí a kọ, ó dúró níbi tí a ní kó dúró. Mo fi ẹ̀rọ pẹlẹbẹ mi hàn án, mo ní kó wo ibi tí ààlà wà gan-an. Ó ní, "Bàbá, ta ni ká gbà gbọ́, fóònù yín yìí àbí pátákó?" Mo pe Dírẹ́kítọ̀ lórí fóònù. Akọ̀wé rẹ̀ ní wọ́n wà ní mítìn. Mo tún pè. Ó gbé e fúnra rẹ̀ níkẹyìn, ó sì ní, "Ẹ má fi ọ̀rọ̀ ẹranko dá ìdàgbàsókè dúró. Ọ̀nì náà á wá ibòmíràn yé sí. Ṣé kò lẹ́sẹ̀ ni?"

Ọ̀nì lẹ́sẹ̀. Ẹyin rẹ̀ ni kò lẹ́sẹ̀.

Òṣìṣẹ́ méjì gbé mi kúrò lójú ọ̀nà bí ẹni gbé àga, pẹ̀lú "Ẹ pẹ̀lẹ́, bàbá, ẹ pẹ̀lẹ́." Ìṣojú mi ni wọ́n ti da yanrìn sórí ibẹ̀ títí ó fi ga ju orí mi lọ. Ìyá Àgbà jáde nínú omi lọ́sàn-án gangan, ohun tí kì í ṣe. Àwọn òṣìṣẹ́ fẹsẹ̀ fẹ. Kò lé ẹnì kankan. Ó gun orí yanrìn tuntun náà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́. Ó gbẹ́, yanrìn ń wó padà. Ó gbẹ́, ó ń wó padà. Mo ti gbọ́ ẹkún oríṣiríṣi láyé mi. N kò tíì rí èyí tó dà bí ẹkún tí kò ní ohùn yẹn.

Títí òjò àkọ́rọ̀ fi rọ̀ ló ń padà wá. Òjò rọ̀, kò sí ohùn ọmọ kankan lábẹ́ ilẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn kiri, ó gba inú gọ́tà ẹ́sítéètì náà lọ, ó ń wá wọn. Mama Tóbi ló pè mí. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ tètè máa bọ̀, wọ́n ti ká a mọ́ inú gọ́tà, mo ní ẹ fi í sílẹ̀, ìyá ọlọ́mọ ni, wọ́n ní ṣé orí mi dàrú ni." Kí n tó débẹ̀, wọ́n ti fi irin àti òkúta pa á. Àwọn kan ń fi fóònù ya á. Mo gbọ́ tí ẹnì kan ń sọ pé, "Ọmọ wa ló wá jẹ." Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Mo wá ìrù rẹ̀ wò, mo rí àpá náà, mo sì lọ jókòó síta ilé Mama Tóbi. Ó gbé omi fún mi.

Nígbà tí Odò Ògùn kún lọ́dún kejì rẹ̀, omi wá ibi tó máa ń sùn sí, kò rí i. Ó sùn sí pálọ̀ àwọn ènìyàn. Mama Tóbi kó bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ lé orí tábìlì. Àwọn tó ra ilẹ̀ lọ́wọ́ Ọ̀túnba bú òjò, wọ́n bú ìjọba, wọ́n bú Sátánì. Ọ̀túnba fúnra rẹ̀ kò gbé ibẹ̀. Apẹja Ibafo ń na àwọ̀n, ó ń fà á jáde lófìfo.

Ẹ̀yìn ìyẹn ni wọ́n yọ̀ǹda mi pé mo ti ṣe é tó. Wọ́n kó wa jọ sí gbọ̀ngàn kan, Dírẹ́kítọ̀ sọ̀rọ̀ dídùn nípa bí a ṣe dáàbò bo ẹranko fún ìran tó ń bọ̀, wọ́n sì gbé aago ògiri náà lé mi lọ́wọ́. Mo ní n ó padà sórí aago yìí. Fọ́tò tí wọ́n yà níjọ́ pátákó ni wọ́n tẹ̀ sójú rẹ̀. Dírẹ́kítọ̀ ń rẹ́rìn-ín, pátákó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, omi hàn lẹ́yìn rẹ̀ dáadáa. Ẹ wo ìsàlẹ̀, lábẹ́ bàtà rẹ̀. Yanrìn funfun ni. Orí bèbè náà gan-an ni wọ́n dúró sí, níbi tí mo ti sọ fún un. Ìdí nìyẹn tí n kò fi sọ ọ́ nù. Ẹni tó bá ní òun kò mọ̀, kó wá wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ ṣe iṣẹ́ náà. N kò sọ pé kí ẹ má ṣe é. Bí ẹ̀yin kò bá ṣe é, ta ni yóò mọ ohun tí a pàdánù? Ṣùgbọ́n ẹ má dákẹ́ lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń ri pátákó mọ́lẹ̀. Ẹ jókòó sínú ihò tí wọ́n gbẹ́ fún un bó bá gbà bẹ́ẹ̀.

Ìyókù ọ̀rọ̀ mi wà fún àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn. Dírẹ́kítọ̀, ta ló fún yín láṣẹ láti gbé ààlà ilẹ̀ tí kì í ṣe tiyín nítorí fọ́tò? Kí ló dé tí ẹ kò jẹ́ kí a gbé pátákó náà padà nígbà tí àtúnṣe rẹ̀ kò ju kí a gbẹ́ ihò méjì lọ? Ọ̀túnba, ṣé ẹ sọ fún àwọn tó ra ilẹ̀ pé orí omi ni wọ́n ń lọ gbé? Ẹ̀yin tó jókòó sókè tí fọ́tò náà dé ọ̀dọ̀ yín, ṣé ẹnì kankan nínú yín béèrè ohun tó wà lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀?

Bí ẹ kò bá fẹ́ dá mi lóhùn, n kò bẹ̀ yín. Ṣùgbọ́n Baba Súlè ṣì wà láàyè ní Ifo, ojú wọn ti fọ́ pátápátá, kò sì sí ẹni tó ní ọkàn láti sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Ìyá Àgbà fún wọn. Lọ́dọọdún, bí òjò àkọ́rọ̀ bá ti rọ̀, tí mo bá lọ kí wọn, wọ́n á gbọ́ ìró ẹsẹ̀ mi lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á na etí.

"Yunifásítì, ṣé ó gbé wọn jáde?"

Ó ti rẹ̀ mí láti máa wúkọ́ dípò kí n dáhùn. Ẹ mọ ọ̀nà Ifo. Ẹ wá dá wọn lóhùn fúnra yín.